Ọrùn Tí Bàbá Àgbà Ń Wá

Jìtá kan wà lára ògiri pálọ̀ mi tí àlejò kì í rí kó má béèrè. Pákó ni gbogbo ara rẹ̀, ó wúwo bí ọmọ ọdún kan, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí. Lókè pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń yí okùn rẹ̀, àpá eyín wà níbẹ̀, mẹ́rin lápá òkè, mẹ́ta lápá ìsàlẹ̀. Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé ajá ló jẹ ẹ́ ni. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé rárá o, bàbá tó bí bàbá mi ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lọ tán, mo máa ń dìde lọ fọwọ́ kan àpá eyín náà. Ó ti pẹ́ tí Bàbá Àgbà ti lọ. Àárò wọn kò tíì lọ.

Káfíńtà ni wọ́n, ní Ìkọ̀tún, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgándò, nígbà tí igbó ṣì wà lẹ́yìn ilé wa tí àparò máa ń ké níbẹ̀ láàárọ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Páànù mélòó kan lórí òpó mẹ́rin ni ìsọ̀ wọn, níwájú ilé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì dàgbà sí. Wọn kò mọ̀wé rárá. Bí wọ́n bá di báírò mú, ńṣe ni wọ́n máa ń dì í mú bí ẹni tó fẹ́ kàn án mọ́ nǹkan.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Bàbá Àgbà, kó bá wọn lọ ra pákó. Wọn kì í fi ojú ra pákó, wọn kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́. Wọ́n á gbé orí pákó lé ẹnu, wọ́n á fi eyín tẹ̀ ẹ́, wọ́n á pa ojú dé, wọ́n á wá máa fi ìka kan ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Igi tútù á dún gbù, bí ẹni gbá ìrọ̀rí. Igi gbígbẹ á dún kọ́ọ́, ìró náà á sì gba eyín wọn wọ inú orí lọ. Ìyá Risi tó ń ta pákó ní ìkòríta kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bó bá ti rí wa lókèèrè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jàre, ẹ má jẹ pákó mi o! Ta ló fẹ́ ra èyí tí itọ́ yín ti kàn?"

Bàbá Àgbà kì í bínú sí i. Wọ́n á kọ́kọ́ nu ẹnu wọn ná. "Ìyá Risi, etí ló ń gbọ́ ariwo. Eyín ló ń gbọ́ igi."

Nǹkan kejì tí wọn kì í fi ṣeré ni àmì. Pẹ́ńsù kì í kúrò létí wọn, àní nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Pákó tí wọ́n bá ti fá, wọn á fi àmì sí ojú rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣì í dà dé. Nígbà tó yá, kò mọ sórí pákó mọ́. Wọ́n fi àmì sára ife wọn, wọ́n fi sára sálúbàtà wọn, wọ́n fi sára iṣu tí wọ́n fẹ́ kí a kọ́kọ́ sè. Ọjọ́ tí wọ́n fi sára ọmọrí ìkòkò Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, ìyá náà káwọ́ lérí. "Lọ́jọ́ kan màá jí, màá rí àmì níwájú orí mi." Bàbá Àgbà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Èmi ni wọ́n kọjú sí, torí èmi ni mò ń bá wọn di okùn ìwọ̀n mú. "Fi àmì sí i kó o tó gbàgbé. Ojú tó rí i lónìí kọ́ ni yóò rí i lọ́la."

Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí mi ò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Ní ilé ẹ̀kọ́, tíṣà tó ń kọ́ wa ní Yorùbá máa ń pariwo pé ká fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń fi àmì sórí pákó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, n kì í fi ẹyọ kan sórí ọ̀rọ̀. Mo gbà pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Mo sì gbà pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò rẹ̀.

Bàbá Àgbà kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé lórí ọ̀rọ̀ igi. Ilé tí wọ́n bá lọ, wọ́n á kọ́kọ́ dojú àga dé, wọ́n á wo ìdí rẹ̀, kí wọ́n tó jókòó. Ojú máa ń tì mí. Lọ́jọ́ kan, ní ilé pásítọ̀ wa, wọ́n dojú àga ńlá tí pásítọ̀ máa ń jókòó sí dé, wọ́n mi orí, wọ́n dá a padà sí ààyè rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pásítọ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. "Ó dáa báyìí," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má sanra sí i."

Ẹni tó le tó báyìí sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni jìtá yìí wá dójú tì.

Mi ò tíì gbọ́n dáadáa nígbà tí wọ́n ṣe é. Àbúrò wọn kan ṣoṣo, Àlàó, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n mọ jìtá ta, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọ̀kan. Bàbá Àgbà ní kí ló wà nínú jìtá tí kì í ṣe pákó. Wọ́n gé ibi ìgbórílé bẹ́ẹ̀dì tiwọn gan-an, ìrókò gidi, wọ́n fi ṣe ara jìtá. Títí Ìyá Àgbà fi kú ni wọ́n ń sọ ọ́ pé ọkọ àwọn gé ibùsùn fún àbúrò rẹ̀. Bàbá Àgbà yọ òòfà lára àwọn rédíò tó ti kú, wọ́n fi wáyà tó tín-ín-rín bí irun wé e títí ìka wọn fi wú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ okùn jìtá. Bí a bá ti ki wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀yìn rédíò ńlá wa, ohùn á jáde. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún, wọ́n ní àwọn ará àdúgbò sáré wá wo ẹni tó ń jó nínú ilé káfíńtà. Wọ́n bá Bàbá Àgbà fúnra wọn níbẹ̀, pẹ̀lú ìfági lọ́wọ́, tí wọ́n ń jó.

Ọrùn rẹ̀, igi gígùn tí okùn gbà kọjá, ló kó bá wa. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ti sún mọ́lé, Bàbá Kékeré sì ń kánjú, ni Bàbá Àgbà bá fi ọ̀gànwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ṣe ọrùn. Kò pé ọdún kan tí okùn fi fà á tẹ̀. Ní ìkórè ọdún kejì, níwájú gbogbo ìjọ, jìtá ṣe bẹ́ẹ̀ ó jágbe lójú orin. Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Ìtìjú mú Bàbá Kékeré, wọ́n bá sọ fún gbogbo ìjọ pé kì í ṣe ẹjọ́ àwọn, igi tútù ni ẹ̀gbọ́n àwọn fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Bàbá Àgbà kò lè gbé mì. Ẹ bú wọn pé wọ́n burẹ́wà, wọ́n á bá yín rẹ́rìn-ín. Ẹ ní igi wọn tútù, ó ti parí. Ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ni wọ́n ti dáhùn pé ọwọ́ àbúrò àwọn ló wúwo, pé ẹni tó ń ta jìtá bí ẹni ń gé igi, ọrùn wo ni yóò gbà á? Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Bàbá Kékeré ti kó ẹrù wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún mẹ́rin ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bàbá Àgbà gbé jìtá kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn kò sì pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Bí nǹkan bá kan jìtá, wọ́n á ní "nǹkan yẹn."

Ohun tó yí i padà ni etí. Ariwo ẹ̀rọ ìlagi tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà èwe ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń pè wọ́n kí wọ́n tó dáhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dé láti ilé ẹ̀kọ́, mo bá jìtá lórí tábìlì iṣẹ́ wọn, wọ́n ti yọ ọrùn rẹ̀ kúrò. Ó rí bí adìẹ tí wọ́n ti gé lórí. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kó dún kí etí mi tó kú tán."

Mo lọ sọ fún Ìyá Àgbà nílé ìdáná. Ìyá ń sẹ́ èlùbọ́, wọn kò dúró. "Ta ni yóò ta á? Ṣé èmi ni? Kì í ṣe jìtá ni bàbá ẹ ń wá, jàre. Àbúrò ẹ̀ ló ń wá." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí a ń wá, mo sì ń gbàdúrà sí i kí n tó sùn, pé kí ọrùn yá kí etí tó di.

A wá ọrùn o. Ìyá Risi mú arère jáde, Bàbá Àgbà ní ó fúyẹ́, yóò tẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá gbé okùn lé e. Ó mú másóníà jáde, ó dára lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi eyín kàn án, gbù ló dún. Ó mú ìrókò jáde, kókó wà láàárín rẹ̀. Bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ nígboro gbọ́, ó ra ọrùn jìtá tí wọ́n ti ṣe tán láti ilẹ̀ òkèèrè wá, funfun, tó ń dán. Èmi rò pé ó ti bùṣe. Bàbá Àgbà fi eyín tẹ̀ ẹ́, wọ́n kàn án, ojú wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e lé ara jìtá, wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e padà fún bàbá mi, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n àjèjì ni. Lọ́jọ́ tó bá tẹ̀, ta ni màá bá jà?"

Ọjọ́ kejì ni wọ́n rántí pákó inú àjà. Bàbá wọn tó bí wọn, káfíńtà lòun náà, ti fi pákó igi apá kan sínú àjà ilé ìdáná ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí Bàbá Àgbà tó gbé ìyàwó. Èéfín ti ń fín in láti ìgbà náà. Kò sí igi tó lè gbẹ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n inú ilé Bàbá Kékeré ló wà. Bàbá Àgbà rìn yí ìsọ̀ po ní ìgbà bíi mẹ́ta, kí wọ́n tó pè mí pé kí n mú ìwé àti báírò wá. Ìgbéraga kò jẹ́ kí wọ́n pe jìtá. Wọ́n ní kí n sáà kọ "ọrùn," pé àbúrò àwọn mọ ohun tí àwọn ń sọ. Èmi náà kọ ọ́ bí mo ti máa ń kọ ọ́, mo sì fún dírẹ́bà kan ní gáréèjì Ìkọ̀tún tó ń lọ sílé. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Alao, mo n wa orun. Oro orun nikan ni mo n ro bayii. Mo ti wa a titi, o si ti n re mi. Maa bo kiakia, ki o mu pako to wa ninu aja baba wa dani. Pako miiran ko le te mi lorun. Emi egbon re."

Ọjọ́ kẹta, a ń jẹun àárọ̀. Bàbá Àgbà jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ̀kọ àti àkàrà níwájú wọn. Mo gbọ́ igbe lójú ọ̀nà, mo wò, Bàbá Kékeré ló ń bọ̀, pákó léjìká, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Ẹkún ni wọ́n ń sun, ẹkún gidi, pẹ̀lú ikun imú. Bàbá Àgbà kò gbọ́ nǹkan kan. Pákó ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n dìde, wọn kò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n tú aṣọ funfun náà, wọ́n gbé orí pákó sẹ́nu, wọ́n pa ojú dé, wọ́n kàn án.

Kọ́ọ́.

"Ó gbẹ!" ni Bàbá Àgbà pariwo. "Àlàó, ó gbẹ!"

Bàbá Kékeré dúró, omijé ṣì ń ṣàn lójú wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò kú mọ́ ni?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní ṣé ẹ ò kú mọ́ ni! Pákó pósí yín lẹ fi ń ṣe báyìí?"

Wọ́n fa lẹ́tà mi yọ lápò, wọ́n kà á sókè. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni mo ń gbọ́ ohun tí mo kọ. Mo ń wá ọ̀run. Ọ̀rọ̀ ọ̀run nìkan ni mò ń rò báyìí. Pákó mìíràn kò lè tẹ́ mi lọ́rùn. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ kò lanu. Mo rọra sọ pé ọrùn ni mo kọ, ọrùn jìtá, pé mi ò kàn fi àmì sí i ni.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àfi bí wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n pariwo rẹ̀ sétí àwọn, nígbà tó sì yé wọn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn dùbúlẹ̀. Bàbá Kékeré nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí wọn gidi.

"Ẹ̀rín kọ́ o! Láti ilé ni mo ti ń sunkún bọ̀. Gbogbo èrò inú mọ́tò ló bá mi sunkún. Ìyá kan tiẹ̀ dá orin fún yín! Lórí nǹkan yẹn? Lórí jìtá tí ẹ ní ọwọ́ mi ló bà á jẹ́?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bàbá Àgbà. Mo rò pé ìjà tún ti dé. Wọ́n gbé pákó sílẹ̀, wọ́n nu ẹnu wọn, wọ́n sì sọ ohun tí n kò gbọ́ kí wọ́n sọ rí, tí n kò sì tún gbọ́ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Igi yẹn kò gbẹ, Àlàó. Mo fi eyín kàn án lọ́jọ́ tí mo rà á, gbù ló dún. Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ kọ́."

Etí tó ti ń di kò jẹ́ kí wọ́n mọ bí ohùn wọn ṣe ròkè tó. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ìyá Risi gbọ́ ọ níkòríta. Bàbá Kékeré wo ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ nínú ìdọ̀tí igi níbẹ̀, Bàbá Àgbà sì bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n fà wọ́n dìde. Wọ́n jọ jẹ ẹ̀kọ tó kù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi gbẹ́ ọrùn náà, àwọn méjèèjì, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn láàárọ̀, wọ́n ń bá ara wọn ṣe àwàdà nírọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n gbé okùn lé e. Bàbá Kékeré jókòó, wọ́n ta á. Bàbá Àgbà tẹ́tí, wọ́n mi orí. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n tún mi orí. Etí ti di kọjá ohun tí a rò. Mo rí ojú wọn, mo sì fẹ́ sunkún, nítorí gbogbo wàhálà wa ti fẹ́ jásí asán. Ni wọ́n bá tẹ̀ wálẹ̀, wọ́n gbé orí jìtá sẹ́nu, wọ́n fi eyín dì í mú ṣinṣin, wọ́n pa ojú dé. Bàbá Kékeré wò wọ́n, wọ́n tún ta á. Orin kan náà tí wọ́n ta ní ìkórè ọjọ́sí ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú Bàbá Àgbà. Nígbà tó parí, wọ́n yọ ẹnu kúrò, àpá eyín ti wà lára igi.

"Mo gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ ọ tán."

Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn fún ọdún bíi méje. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Bàbá Kékeré máa ń wá, ẹ̀gbọ́n á gé orí jìtá jẹ, àbúrò á ta á. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí mo ti fẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, a bá Bàbá Àgbà lórí bẹ́ńṣì nínú ìsọ̀ wọn, pẹ́ńsù létí, wọ́n ti lọ. Mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ti lè sọ ọ́ lọ. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ńṣe ni mo máa ń dúró lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n pè.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí Bàbá Kékeré nílé. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn, mo kọ ọ́ pé: "Bàbá Àgbà ti lọ sí ọ̀run." Gbogbo àmì ni mo fi sí i. Ọrùn àti ọ̀run, àmì kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì, ibi tó jókòó sí ló yàtọ̀: orí u ni ti ọrùn, orí ọ ni ti ọ̀run. Mo tẹ ti ọ̀run mọ́lẹ̀ lórí ọ títí báírò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé. Mi ò fẹ́ kí ó ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Kékeré yọ lójú ọ̀nà. Wọn kò sunkún. Pákó kan wà léjìká wọn, èyí tó ṣẹ́ kù lára pákó igi apá ọjọ́ kìíní, tó mọ níwọ̀n ọrùn jìtá kan. Wọ́n dúró níwájú ìsọ̀, wọ́n wo bẹ́ńṣì tó ṣófo, wọn kò gbé pákó náà sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ṣé lẹ́tà mi kò dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

"Ó dé," ni wọ́n wí. "Mo rí àmì rẹ. Mo kàn ní bóyá orí u lo fẹ́ fi í sí."